Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Pásítọ̀ Torleiv Má Kúrò Nílé

Kò sẹ́ni tó kórìíra Pásítọ̀ Torleiv ní ìlú wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé òun. Ẹ má dá wa lẹ́bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Bí ọkọ̀ bá já sínú apá òkun, bí apẹja bá jáde tí kò wọlé, bí ẹnì kan bá sùn nílé ìwòsàn ìlú ńlá tí kò jí mọ́, àwọn ọlọ́pàá kì í tẹ ìdílé rẹ̀ láago. Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè. Pásítọ̀ á wọ aṣọ dúdú, á fi kọ́là funfun sọ́rùn, á wá kan ilẹ̀kùn. Bí a bá ti rí mọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀nà etí omi báyìí, kálukú á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á fa kọ́tíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò ó. Bó bá kọjá ilé wa, a ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà lojú á wá máa tì wá, nítorí ilé aládùúgbò ló ń lọ.

Torleiv mọ̀ pé à ń wo òun. Lọ́jọ́ kan, ó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ó wá yà sílé kan láti ra pòtétò, ó sì gbàgbé láti yọ kọ́là lọ́rùn. Ìyá ilé rí i láti inú kíṣìnnì. Ìkòkò wàrà gbígbóná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó figbe ta, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti sin ín. Ibi tí ọkọ wà kò jìnnà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló jókòó sí tó ń ka ìwé ìròyìn. Ṣe lọkùnrin náà fọwọ́ di ṣòkòtò mú sáré jáde, tó ń bi gbogbo ayé pé ta ló kú. Láti ọjọ́ náà, Torleiv á ti máa pariwo láti ẹnu géètì, "Pòtétò ni mo wá rà o! Pòtétò lásán ni!" Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di orin. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́nà, wọ́n á ní, "Pòtétò lásán!" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù tó ń bà wá kò tó ìdajì èyí tó ń ba òun alára. Gunnvor, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Bó bá ti jíṣẹ́ ikú tán, bó bá délé, ẹ̀yìn ahéré igi ìdáná ni yóò kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni yóò ti bì. Lẹ́yìn náà, á fi omi fọ ẹnu, á wọlé, á ní ebi kò pa òun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó rò pé bó bá pẹ́ díẹ̀ ara òun á kọ́ ọ. Ara kankan kò kọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jostein, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ńṣe ni ẹ̀rù ọ̀hún ń pọ̀ sí i. Gbogbo ilẹ̀kùn tó bá kàn ni ó máa ń rò pé ilẹ̀kùn tòun ni.

Jostein alára kò fẹ́ràn iṣẹ́ bàbá rẹ̀ rárá. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun lọ ṣeré nílé tí fóònù ikú ti ń dún? Bí Torleiv bá lọ mú un níléèwé, àwọn tíṣà á kọ́kọ́ mú àyà wọn gírígírí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń jẹ ẹja lórí tábìlì, ó ṣáà dédé gbójú sókè.

"Dádì, bí èmi bá kú, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa wá sọ fún mọ́mì?"

"Rárá o," ni Torleiv wí. "Pásítọ̀ kì í jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn sílé ara rẹ̀. Pásítọ̀ ìlú kejì ni wọ́n á rán wá."

"Ó dáa," ni ọmọ wí, ó sì ń jẹ ẹja rẹ̀ lọ. Gunnvor dìde, ó bọ́ síta láìmú ìborùn.

Nígbà tí Jostein dàgbà, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, àfi lọ́jọ́ Kérésì, ìyẹn náà nítorí ìyá rẹ̀. Ó ń sin àgùntàn pẹ̀lú Halvard ọmọ Oddlaug, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Oddlaug yìí, opó ni, oko rẹ̀ kò jìnnà sí ilé pásítọ̀, odò kékeré kan ló là wọ́n láàárín. Òun nìkan ni kò bẹ̀rù Torleiv ní gbogbo ìlú. Torleiv ló wá sọ fún un nígbà tí òkun gbé ọkọ rẹ̀, Oddlaug sì máa ń sọ fún un pé, "Èyí tí mo ní lo ti wá gbà, kí ló tún kù?" Á wá bú sẹ́rìn-ín, á bu kọfí fún un. Halvard ló kù. Àwa tí à ń gbọ́ máa ń mójú kúrò níbẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ni Torleiv kórìíra jù. Ẹ bá mi wò ó o, ìgbà tí gbogbo wa fẹ́ràn! Igi á pọ́n bí iná, afẹ́fẹ́ á mọ́, a ó kó àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a ó se ẹran rẹ̀ pọ̀ mọ́ kábéèjì àti ata dúdú, ìkòkò á máa hó láti àárọ̀ dalẹ́. Òun pàápàá á gun àga ìwàásù, á dúpẹ́ fún ìkórè, ohùn rẹ̀ á dùn létí. Àmọ́ bó ti ń dúpẹ́ lókè yẹn, ojú rẹ̀ á máa lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, á máa bi ara rẹ̀ pé, ilé ta ni lọ́dún yìí? Ìgbà ìwọ́wé ni omi ń dì sójú ọ̀nà láìjẹ́ kí awakọ̀ mọ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ń yìnbọn lu ara wọn nínú igbó. Ìgbà náà ni ìjì ń dé bá apẹja, tí òkùnkùn sì ń tètè ṣú, tí àwọn tí ọkàn wọn kò le ń sọ̀rètí nù. Ojú ewé tó ń pọ́n ni àwa ń wò. Òun, fóònù ló ń wò.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Jostein àti Halvard ti gun òkè láti ìdájí láti lọ kó àwọn àgùntàn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, Torleiv jáde bá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ti ń di okùn bàtà.

"Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí òkè," ló wí. "Ẹ ò ṣe dúró di ọ̀la?"

"Bó bá di ọ̀la, yìnyín á bo gbogbo ẹ̀ pátá, àwọn àgùntàn á há sórí àpáta. Dádì, gbogbo nǹkan ṣáà lẹ máa ń gbóòórùn ikú nínú ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀ bíi bàbá."

"Bíi pásítọ̀ lẹ ń sọ̀rọ̀," ni Jostein wí. Ó gbé okùn kọ́ èjìká, ó súfèé pe ajá, ó lọ.

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Torleiv kò sọ fún ọmọ pé ó dàbọ̀. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí fóònù dún. Torleiv wà lẹ́yìnkùlé, ó ń to igi ìdáná. Gunnvor wà ní kíṣìnnì, ó ń se ẹran àti kábéèjì sínú ìkòkò ńlá de àwọn ọmọ òkè. Torleiv wo ojú fóònù, ó rí i pé Solfrid ni, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè wa. Ó mọ ohun tí Solfrid máa ń sọ. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kọ́là yín, mò ń bọ̀ wá gbé yín." Gbólóhùn kan náà ni nígbà gbogbo, kì í yí i padà. Torleiv ti ń fi ọwọ́ òsì nu eruku igi kúrò lára ṣòkòtò.

"Pásítọ̀, ibo lẹ wà?" ni Solfrid bi í.

"Mo wà nílé. Ṣé kí n wọṣọ?"

Solfrid ní, "Ṣé màmá wà nílé pẹ̀lú yín?"

"Ta ni? Gunnvor? Ó wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ má kúrò nílé o, Pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má lọ síbì kankan." Fóònù kú.

Igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé fún, ó mọ iṣẹ́ náà tinú tòde. Òun gan-an ló máa ń ní kí wọ́n rí i dájú pé àwọn ará ilé wà nílé kí òun tó lọ. Òun ló máa ń ní kí wọ́n rí i dájú pé ìyá ọmọ kò dá wà. Ó jókòó sórí igi. Ó tẹ nọ́ńbà Jostein. Kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orí òkè kì í sábà mú fóònù, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀.

Ó dìde, ó wọlé. Gunnvor ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́nu ṣíbí.

"Kí ló dé tó o fi dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó jí adìẹ?" ló bi í. "Ta ló pè?"

"Solfrid ni. Nǹkan kékeré kan ló fẹ́ béèrè."

"Ẹ̀ẹ́n, o máa lọ nìyẹn. Ilé ta ni?"

"Mi ò lọ."

"O ò lọ kẹ̀? Ọlọ́run ṣeun fún wa lónìí! Wá bá mi tọ́ ọ wò, iyọ̀ ò dùn lẹ́nu mi."

Ó tọ́ ọ wò. Ó ní iyọ̀ dáa. Bó bá jẹ́ eérú ni ó bù sí i lẹ́nu, kò ní mọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin lábẹ́ imú, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Jẹ́ kó ní àkókò díẹ̀ yìí sí i. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ ní àkókò díẹ̀ yìí, kí wọ́n tó mọ̀, tí wọ́n ṣì ń bi í pé ṣé yóò mu kọfí.

Ó bọ́ sí pálọ̀, ó dúró sí ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí ọ̀nà etí omi tó ń wé mọ́ ìdí òkè láti ìlú kejì títí dé ọ̀dọ̀ wa. Yìnyín ti funfun lórí òkè, ìsàlẹ̀ sì wà ní pípọ́n, kò sí ohun tó ń mì lójú omi. Torleiv gbàdúrà. Èmi ò lè fi àdúrà náà pamọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ì bá fẹ́ kí n fi í pamọ́. Ó ní, "Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ tèmi. Jẹ́ kó jẹ́ ilé ẹlòmíràn." Ó sọ ọ́ síta pẹ̀lú ètè ara rẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló wá rántí pé àwọn méjì péré ló gun òkè láàárọ̀. Ta wá ni ẹlòmíràn? Ọmọ Oddlaug ni, ẹni kan ṣoṣo tó kù fún Oddlaug láyé. Ọmọ ẹni kò sáà ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ kí pásítọ̀ dúró lójú fèrèsé kó máa fi ọmọ opó tọrọ ọmọ tirẹ̀! Ó gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ náà padà. Kò rí i kó. Bó bá ti la ẹnu báyìí, ohun kan náà ló ń bọ́ jáde: má jẹ́ kó jẹ́ tèmi, má jẹ́ kó jẹ́ tèmi.

Ìgbà náà ló rí mọ́tò pupa kan tó yọ níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, lọ́nà jíjìn. Ó wọ ẹ̀yìn àpáta, kò rí i mọ́. Ó tún yọ. Ó mọ mọ́tò náà. Pásítọ̀ Ingeleiv ni, obìnrin tó ń bójú tó ìjọ ìlú kejì, tí òun Torleiv fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mọ́tò náà rọra ń bọ̀, kò sáré. Torleiv ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń jẹ́ iṣẹ́ ikú, kó má sáré, kò sí ibi tó ń sá lọ.

"Yà," ni Torleiv ń wí lábẹ́ ẹnu. "Jọ̀ọ́, yà." Ilé kan wà lọ́wọ́ òsì. Mọ́tò kọjá á. Ilé mìíràn wà níbi afárá. Mọ́tò kọjá á. Ó wá yé e bí ó ti máa ń rí fún gbogbo wa lẹ́yìn kọ́tíìnì. Ó di igi fèrèsé mú.

"Kí lò ń wò láti ìgbà yìí?" Gunnvor ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ápúrọ̀nù nu ọwọ́. Ó wo ọ̀nà. "Mọ́tò Ingeleiv kọ́ nìyẹn? Kí ló ń wá níbí lónìí?"

Gunnvor wo ojú ọkọ rẹ̀, ó tún wo mọ́tò. Ìyàwó pásítọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ohunkóhun fún un. Kò pariwo o. Ó lọ pa iná ìdáná, ó gba àárín ilé kọjá, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

"Gunnvor."

"A ò ní ṣílẹ̀kùn fún un."

"Gunnvor, gbọ́."

"Mo ní a ò ní ṣí i! Bó bá kàn án títí, á sú u, á lọ. Bí kò bá sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Ìwọ lo mú un wọlé tọ̀ wá wá. Iṣẹ́ rẹ. Iṣẹ́ rẹ yìí!"

Torleiv ti rí èyí rí nílé àwọn ẹlòmíràn. Ìyá kan ti da omi lé e lórí láti ojú fèrèsé òkè. Bàbá kan ti fọwọ́ di etí, ó ń kọrin. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó máa ń dúró, á fi sùúrù sọ̀rọ̀. Lónìí kò rí sùúrù kankan. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, òun náà fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì dì í mú bí ẹni pé ìjì ló wà níta. Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò dúró. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Wọ́n gbọ́ ọwọ́ lára igi ilẹ̀kùn.

"Pásítọ̀ Torleiv," ni Ingeleiv wí láti ìta. "Màmá Gunnvor. Ó wà láàyè. Ẹ gbọ́ èyí ná. Jostein wà láàyè."

Gunnvor yọ̀ sílẹ̀ láti ara ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bàtà àwọn ará ilé. Torleiv ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ńlá ni, kò mọ ibi tó ti wá, ó ń dún jáde láti inú rẹ̀ bí omi tó já ìdènà. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ kò rí i. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn tán, ó dì mọ́ Ingeleiv, ó ní, "O ṣeun, o ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ẹ!" Ingeleiv dúró gan-an, kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó sì fi kọ́là sọ́rùn.

"Wọ́n ti gbé Jostein lọ sílé ìwòsàn," ló wí. "Okùn ló bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òtútù sì mú un, àmọ́ kò ní kú. Pásítọ̀, ẹ jókòó."

"Halvard ni," ni Torleiv wí. Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu rẹ̀.

"Halvard ni."

Ìyá àgùntàn kan ló há sí etí àpáta níbi tí kò lè gòkè tí kò lè sọ̀. Àwa níbí kì í fi àgùntàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ Halvard nídìí, Jostein dì í mú lókè, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló wà. Halvard tú u kúrò nídìí ara rẹ̀, ó so ó mọ́ àgùntàn, ó ké sókè pé kó fà. Ẹ má ṣe pè é ní òmùgọ̀ níwájú mi o. Kò sí ọkùnrin kan ní ìlú wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, omi ti dì sórí àpáta, ibẹ̀ sì ń yọ̀. Jostein ń fà á, ó ń fà á, kò gbọ́ igbe kankan. Orí àgùntàn ló yọ. Nígbà tó sọ okùn padà, kò sẹ́ni tó dì í mú.

"Mo ń lọ sílé ìyá rẹ̀ báyìí," ni Ingeleiv wí. "Solfrid ní ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé yín, kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa lọ. Òfin wa náà nìyẹn."

Ìtura ńlá kọ́kọ́ wọ Torleiv lára. Òótọ́ ni, kò yẹ kó jẹ́ òun. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù mìíràn fi dé, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ: Oddlaug yóò ṣílẹ̀kùn, àjèjì ni yóò rí, òun yóò sì wà nílé níbí pẹ̀lú ìkòkò ẹran. Báwo ni òun ṣe máa tún wo ojú rẹ̀ láéláé?

"Èmi ni mo máa lọ," ló wí.

"Pásítọ̀, òfin..."

"Mo gbọ́. Wá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn." Ó bi Gunnvor bóyá kó lọ. Gunnvor kò gbójú sókè, ó kàn fọwọ́ tì í lẹ́sẹ̀ pé kó máa lọ.

Kò rántí kọ́là, kò rántí aṣọ dúdú. Ó sọdá odò bó ti wà, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń to igi. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lójú ọ̀nà nígbà gbogbo, àmọ́ lónìí kò bá a lára mu. Ó ti kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn láyé rẹ̀, kò tíì bẹ̀rù èyíkéyìí tó báyìí rí. Ó wò ó pé kí òun padà, ó tilẹ̀ dúró. Ó rí Ingeleiv lẹ́yìn rẹ̀, ó tún gbẹ́sẹ̀.

Oddlaug wà lẹ́nu ọgbà àgùntàn, ó ń da koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ de àwọn ẹran tó ń bọ̀. Ó rí Torleiv lóun nìkan, nítorí Ingeleiv ti dúró sẹ́yìn abà. Kò rí kọ́là, kò rí aṣọ dúdú. Bàtà inú ilé ló rí, tí ẹrọ̀fọ̀ ti bò. Ó ju àmúga koríko sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haa! Torleiv! Ta ló lé ẹ jáde nílé? Gunnvor ti rí ìdí ẹ lónìí, àbí? Wo bàtà, wo bàtà! Bó o bá wá jẹun, ẹran ò tíì jinná, àwọn ọmọ ò tíì dé."

Torleiv rìn dé ẹnu ọgbà. Òun ló ń kọ́ àwọn pásítọ̀ kéékèèké pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ikú, kí wọ́n má ní ó ti lọ, kí wọ́n má ní Olúwa pè é. Kí wọ́n sọ orúkọ, kí wọ́n sọ pé ó kú, kí wọ́n sì dákẹ́.

"Màmá Oddlaug," ló wí. "Halvard ti kú."

Ẹ̀rín kò tètè kúrò lójú obìnrin náà, ó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbàgbé. "Halvard wo?" ló bi í, bẹ́ẹ̀ ló ti di igi ọgbà mú. Torleiv sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpáta, okùn, àgùntàn. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń sọ iye owó òróró fún.

"Àgùntàn wo ni?" ló wí.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ó gòkè?"

"Ó gòkè."

"Ta ló di okùn mú?"

"Jostein ni."

Ìgbà yìí ló wá wò ó lójú. Torleiv fẹ́ sá. Ọlọ́run ló mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀.

"Jostein ńkọ́?"

"Ó wà láàyè."

Atẹ́gùn ń gbá ewé kọjá láàárín wọn. "Nígbà tí wọ́n sọ fún ẹ pé tìẹ kọ́," ni Oddlaug wí jẹ́jẹ́, "inú ẹ dùn?"

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà tí pásítọ̀ lè sọ síbẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn, ó ti sọ wọ́n nílé tó pọ̀. Ó wá èyíkéyìí nínú wọn, kò rí ìkankan tí kì í ṣe irọ́.

"Ó dùn, Màmá," ló wí. "Mo rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó dé, mo ti gbàdúrà pé kó jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé ilé yín ni."

Ó dúró de ẹ̀ṣẹ́, ó dúró de èébú, ó dúró de ohunkóhun. Oddlaug na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá a mú láyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì dì í gírígírí tí bọ́tìnnì fi já.

"Èmi náà gbà á láàárọ̀," ló wí. "Àdúrà kan náà. Mo ní bí òkè bá máa gba ẹnì kan, kó má jẹ́ tèmi." Ó ń lọ sílẹ̀, ó sì ń fa Torleiv lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. "Má lọ o, Torleiv. Má tíì lọ."